Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ Láàrin Kọ̀ǹpútà Méjì

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rí kí ó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ìdí ọ̀ràn kan jẹ́ ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń jiyàn lé lórí láti ayébáyé, ṣùgbọ́n lóde òní, inú ilé tí kọ̀ǹpútà méjì wà, tí ọ̀kan sì kọ̀ láti fún èkejì ní fáìlì, ni ó ti ń yọjú lemọ́lemọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará ilé: ọ̀kan á ní dátà ló tán, òmíràn á ní iná tí wọ́n mú lọ lóru ló ba nǹkan jẹ́, ẹ̀kẹta á ní ọmọ tó lo ẹ̀rọ náà gbẹ̀yìn ló fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ó dá oníkálukú lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì wo ohunkóhun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ìdèrè ṣe àpẹẹrẹ. Ìdèrè jẹ́ ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje, àwọn yòókù sì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wà. Kí a sọ pé baálé ilé náà jẹ́ olùkọ́, ó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ní pálọ̀ tí ó ń kó ìbéèrè ìdánwò àti fọ́tò ẹbí sí. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ráútà kan wà lójú fèrèsé, èyí tí í ṣe àpótí kékeré tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wá nípasẹ̀ káàdì SIM, tí ó sì ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀ láìlo wáyà. Pínpín fáìlì ni pé kí ẹ̀rọ orí tábìlì ya fódà kan sọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ kejì sì lè ti inú yàrá wọ fódà náà, kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀ tàbí kí ó fi tuntun kún un, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gbé fúláàṣì kiri. Èdè tí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní SMB; Barry Feigenbaum ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí Microsoft tó gbà á, tí ó sì tún un ṣe fún Windows. Ọmọ náà tẹ orúkọ ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ tirẹ̀ sì dá a lóhùn pé òun kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft, lẹ́yìn ìjíròrò gígùn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tí wọ́n rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn náà ni pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nìkan ni ó lè pè ní ìmọ̀. Ohun tí a sọ fún un, ì báà jẹ́ àgbàlagbà ọlọ́wọ̀ ló sọ ọ́, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi rí ọ̀nà dán an wò. Òṣùwọ̀n náà le. Bí a bá fi ọwọ́ gidi mú un, èyí tó pọ̀ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kó ti ilé-ìwé bọ̀, ìgbàgbọ́ ni, nítorí ẹnu olùkọ́ ni ó ti gbọ́ ọ. Bí a bá sì gbé òṣùwọ̀n kan náà lọ sí ilé olùkọ́ ní Ìdèrè, a ó rí i pé ohun tí ẹ̀rọ kọ sí ojú rẹ̀ kò ju ìròyìn lọ: lẹ́tà ni ojú ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n ohun tí lẹ́tà náà ń wí, gbígbọ́ ló gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ a máa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn nígbà tí ẹ̀rọ kejì wà ní pípa, nígbà tí orúkọ tí a tẹ̀ kò péye, àti nígbà tí ohun kan dínà láàrin méjèèjì. Ìránṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà fún ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí adájọ́ lè gbára lé.

Kí fáìlì tó lè ti pálọ̀ dé yàrá, ohun púpọ̀ gbọ́dọ̀ wà papọ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí èyí tó ni fódà má sì sùn, nítorí Windows a máa sùn fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè fi orúkọ tàbí àdírẹ́sì wá èkejì rí. Aṣọ́nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ orí tábìlì, tí wọ́n ń pè ní fáyawọ́ọ̀lù, gbọ́dọ̀ gba àlejò láàyè. Ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Fódà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹni náà. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀nà tó là, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré tó bá yẹ̀ ti tó láti dí i. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí bí àwọn ènìyàn ti ń rò ó. Bí fáìlì bá kọjá, ènìyàn lè sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé gbogbo rẹ̀ dára. Bí kò bá kọjá, kò tíì mọ ju pé ohun kan, ó kéré tán, kò dára, èyí kò sì jọ mímọ ìdí rárá.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù níbi tí a dé yìí ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Baálé yóò ní ẹ̀rọ òun ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ yóò ní tòun náà ń wọ̀ ọ́, wọn yóò sì jọ fẹnu kò pé àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ti wà pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ kan lè lágbára ní òwúrọ̀ kí ó sì rọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìdílé kan kì í ní ẹyọ SIM kan; ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ orí tábìlì wà lórí ráútà, kí ọmọ sì ti so tirẹ̀ mọ́ fóònù ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ráútà ti ń lọ́ra, kí ó má sì rántí. Àwọn méjèèjì ń ka ìròyìn, wọ́n ń wo fídíò, ṣùgbọ́n agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì àṣìṣe náà ni ti dátà: fáìlì tó ń ti pálọ̀ lọ sí yàrá kì í jáde kúrò nílé, inú ráútà ni ó ti ń yípo, nítorí náà bí dátà bá tán pátápátá, pínpín fáìlì kò ní ìdí láti dúró. Ẹni tó sáré lọ ra dátà kí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lè máa rí ara wọn ti ná owó rẹ̀ lórí ìgbàgbọ́.

Ọ̀nà láti mọ èyí kò le. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín níyà, tí ráútà máa ń fún un nígbà tó bá so mọ́ ọn. Bí a bá kọ ipconfig sí ojú fèrèsé dúdú tí Windows fi ń gba àṣẹ, àdírẹ́sì náà yóò yọ. Bí ti bàbá bá jẹ́ 192.168.1.5, tí ti ọmọ sì jẹ́ 192.168.1.9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé inú agbo kan ni wọ́n wà. Bí ti ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.43, bí ó ti máa ń rí lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android àtijọ́, a ti rí ẹni tó yà kúrò lára ẹgbẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà kò rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, ló bá fún ara rẹ̀. Ẹni tó wo nọ́ńbà wọ̀nyí ti kúrò nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti di ẹni tó rí nǹkan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn ìdákẹ́ wọlé, òun sì ni ó ń tan àwọn tó ti ń ṣe ìwádìí dáadáa jẹ. Ọmọ náà lè fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ping ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, èyí tí í ṣe ìkíni kúkúrú tí Windows ń fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́rin. Bí ìdáhùn bá wá, ọ̀nà wà, ìmọ̀ ni. Bí ìdáhùn kò bá wá, kò tíì mọ ohunkóhun, nítorí fáyawọ́ọ̀lù lè ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó má dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn. Nígbàkígbà tí Windows bá dé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, yóò kà á sí ti ìta gbangba, tí ó ń pè ní “Public”, tàbí ti ilé, tí ó ń pè ní “Private”. Bí ó bá kà á sí ti ìta, yóò ti ẹnu ọ̀nà, yóò sì ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Bákan náà, pé orúkọ ẹ̀rọ bàbá kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ọmọ ń wò lójú tirẹ̀ kò fi hàn pé kò ṣeé dé: ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn ló ń polongo orúkọ, ó sì lè dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá tẹ ìlà méjì tó dà sẹ́yìn, tí ó fi 192.168.1.5 tẹ̀ lé e, ó lè wọlé tààrà.

Ìkọ̀sílẹ̀ ní tirẹ̀ ṣeyebíye ju ìdákẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń bí àwọn ènìyàn nínú jù. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé òun kò gba ọmọ yìí láàyè, iná ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bọ́, àdírẹ́sì ti bọ́, fáyawọ́ọ̀lù náà ti bọ́, nítorí ẹni tí a kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè lé ènìyàn padà. Ohun tó kù kò ju méjì lọ. Èkínní ni ta ni ọmọ náà pe ara rẹ̀. Láti ìgbà tí Windows ti ń jẹ́ kí ènìyàn fi nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní PIN ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ baálé ni kò rántí pé páásíwọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn PIN náà. Orí ẹ̀rọ tí a ti ṣe é nìkan ni PIN ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wọlé, páásíwọ́ọ̀dù gan-an ni wọn yóò bi í. Bàbá náà yóò sì máa búra pé nọ́ńbà tí òun fi ń ṣí ẹ̀rọ òun láràárọ̀ ni òun fún ọmọ. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó mọ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ bèèrè. Èkejì ni ìyọ̀ǹda orí fódà, tí ó jẹ́ ìpele méjì: ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a pín, èkejì wà lára fódà fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì le jù nínú méjèèjì ni yóò ṣẹ. Bàbá tó ṣí ìpele kìíní fún gbogbo ènìyàn, tí kò sì fọwọ́ kan ìkejì, gbà gbọ́ pé òun ti ṣílẹ̀kùn.

Bí a ti ń dín ibi tí ìdí lè sápamọ́ sí kù báyìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Nínú Ifá, lẹ́yìn tí odù bá ti jáde nínú 256 tí ó wà, babaláwo a máa fi ìbò wádìí: owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kó wọn sí ọwọ́ ẹni tó wá ṣe ìwádìí, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. A ó bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ibi, a ó bèèrè bóyá ikú ni, bóyá àrùn ni, bóyá ìjà ni, bóyá òfò ni, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ojú ẹyọ kan. William Bascom, ẹni tó tẹ ìwé ńlá lórí Ifá jáde ní 1969, ṣàlàyé ètò yìí kínníkínní, ó sì tún ṣàkíyèsí pé ẹni tó wá ṣe ìwádìí kì í sọ ohun tó ń dà á láàmú fún babaláwo; ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó ni. Ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn kò kéré: kí ohun tí olùbéèrè ń fẹ́ tàbí ohun tí ó ti gbọ́ má baà yí ìdáhùn sí apá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lónìí ni kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí onílé sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń lọ tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ìbò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ga ju ọ̀ràn náà lọ; ẹni tó ń wo àdírẹ́sì ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀ràn náà fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè wá bèèrè lẹ́yìn rẹ̀ kí ó rí ìdáhùn kan náà.

Ìlú Ìdèrè fúnra rẹ̀ ti rí ìdánwò tó le ju ti kọ̀ǹpútà lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi hàn pé òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn Èkìtì nílò àfikún. Sòbìà, àrùn aràn tó ń yọ jáde lára ènìyàn, ti da ìlú náà láàmú fún ọdún púpọ̀, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger àti Joshua Adeniyi wà lára wọn, sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé sòbìà jẹ́ apá kan ara gbogbo ènìyàn, tí ó kàn ń jáde lára àwọn kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí rẹ́rìn-ín. Ojú ni wọ́n fi rí i: inú ẹran ara ni aràn náà ti ń yọ, bí okùn, kò sì sí ẹni tó rí i kí ó wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ wọ inú odò ìpọnmi, aràn náà tú ọmọ sínú omi, kòkòrò inú omi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí gbé ọmọ náà mì, ẹlòmíràn mu omi náà, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn tó yọ lára ẹni tó mu ún. Ta ni yóò so omi tí ó mu ní èṣí mọ́ egbò tó ń ro ó lónìí? Ojú rí, ọkàn jẹ́rìí, síbẹ̀ ìdí kò sí níbi tí wọ́n ń wò.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni ìfiwéra. Wọ́n mú aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ wẹ́ wá, àwọn aránṣọ ìlú rán an sí asẹ́ tí a lè dè mọ́ ẹnu ìkòkò, àwọn tó ń sẹ́ omi wọn sì bọ́, nígbà tí àwọn tí kò sẹ́ ẹ ń bá a lọ. Omi kan náà, ìlú kan náà, asẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Èyí gan-an ni John Stuart Mill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìrònú ní 1843: bí ohun méjì bá bára dọ́gba nínú gbogbo nǹkan àyàfi ẹyọ kan, tí àbájáde wọn sì yàtọ̀, ẹyọ yẹn ni ìdí tàbí apá kan ìdí. Nàìjíríà ka ènìyàn tó lé ní 650,000 tí sòbìà ń bá jà nígbà ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí ó ṣe fún un ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, rírí nìkan kò tó. Ohun tí ó yẹ kí ojú rí ni ìyàtọ̀, níbi tí ohun kan ṣoṣo ti yí padà tí ìyókù sì dúró.

Baálé tó ní iná tó lọ lóru ló ba nǹkan jẹ́ wà ní irú ipò àwọn ará ìlú nígbà náà, kò sì jẹ̀bi tán. Ó rí i pé iná lọ, ó rí i pé lẹ́yìn rẹ̀ fáìlì kò kọjá mọ́. Ó sì lè jẹ́ lóòótọ́ pé nígbà tí iná dé, ráútà bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì lákọ̀tun, ó fún ẹ̀rọ orí tábìlì ní 192.168.1.7 dípò 192.168.1.5, ẹ̀rọ ọmọ sì ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Bí a bá fi àdírẹ́sì tuntun dán an wò tí ó ṣí, baálé wá mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ òótọ́ ni.

Àwọn kan nínú onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti Kristẹni bákan náà, a máa bẹ̀rù pé wíwá ìdí báyìí ń yọ ọwọ́ Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀ràn. Al-Ghazali, àgbà àlùfáà Ìsìláàmù tó kú ní 1111, ti gbé ìbéèrè náà dé òpin rẹ̀: ó ní kì í ṣe iná ló ń jó òwú, Ọlọ́run ló ń dá jíjó nígbà tí iná bá kan òwú, ojú wa kò sì rí ju pé ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ṣùgbọ́n Al-Ghazali kan náà kò sọ pé kí ènìyàn máa fi ọwọ́ bọ iná. Ìṣe tí Ọlọ́run ti fi lélẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ló ń jẹ́ kí a mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé ohun. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò ní ìdí láti sá fún ìwádìí, nítorí ẹ̀rọ tí ó kọ ènìyàn nítorí páásíwọ́ọ̀dù wà nínú ìlànà yẹn náà. Ẹni tó ní àwọn ayé ló wà nídìí rẹ̀ sì ti dáhùn ìbéèrè mìíràn, ìyẹn ìdí tí ó fi jẹ́ òun, tí ó sì fi jẹ́ lónìí; kò tíì fọwọ́ kan ti àdírẹ́sì.

Ó ku ìwà kan tí ó ń ba ìmọ̀ jẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, tí ó sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ díẹ̀. Nígbà tí sùúrù bá tán, wọn á pa fáyawọ́ọ̀lù, wọn á yọ páásíwọ́ọ̀dù, wọn á fún gbogbo ènìyàn láyè lórí fódà, wọn á tún dá irú SMB àkọ́kọ́, tí Microsoft ti yọ kúrò, padà nítorí ẹ̀rọ àlòkù kan tó ṣì ń lo Windows XP, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì á kọjá, onílé á sanwó, wọn á ní àwọn ti rí ìdí. Irú SMB àkọ́kọ́ yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tí ó fi ti àwọn ènìyàn mọ́ ìta fáìlì wọn lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150, tó fi mọ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ewu kò sí, ẹni tó yí ohun mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan ti ba ìfiwéra jẹ́. Fáìlì ni ó rí gbà, kò rí ìdí. Kí ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀ padà lọ dá wọn padà sí ipò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa dán fódà wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dá padà tí ilẹ̀kùn fi tì, òun ni ìdí.